Bí A Bá Rán Ni Níṣẹ́ Ẹrú: Ìtàn Nọ́ọ̀sì Tuskegee àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ilé Ìwòsàn Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí kò sọ pé kí ẹni tí a rán má lọ. Ohun tó sọ ni pé ẹni tí a rán ní làákàyè tirẹ̀, ó sì yẹ kó fi wo iṣẹ́ náà dáadáa kó tó jẹ́ ẹ. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo mọ̀, kò sí èyí tí òwe yìí bá mu tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Dókítà ló ń kọ oògùn, nọ́ọ̀sì ló ń fún aláìsàn. Ìjọba ló ń ṣe ètò, nọ́ọ̀sì ló ń kan ilẹ̀kùn ará abúlé. Bí iṣẹ́ tí wọ́n rán an bá dára, ọwọ́ rẹ̀ ni oore náà ń gbà dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Bí ó bá burú, ọwọ́ kan náà ni ibi ń gbà kọjá.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn nọ́ọ̀sì kan ní Amẹ́ríkà tó fi tọkàntọkàn jẹ́ iṣẹ́ burúkú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí n sì fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó níbí ní ọdún 2014. Ìbéèrè mi ni pé kí ló ń mú kí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó ní ọkàn rere dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀? Èrò mi ni pé ọkàn rere nìkan kò tó. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ní àyè kan tí ẹni tí a rán níṣẹ́ ti lè béèrè ìbéèrè, kí wọ́n sì dá a lóhùn láìsí ìjìyà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òde òní ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1860, Florence Nightingale, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ìtọ́jú tó fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Crimea, dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kan àwa náà. Ibẹ̀ ni Kofowọrọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kó tó padà wálé, tó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì ní UCH Ìbàdàn.

Ní ọdún 1893, ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan tí Lystra Gretter jẹ́ olórí rẹ̀ kọ ẹ̀jẹ́ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì fi orúkọ Nightingale pè é. Nínú ẹ̀jẹ́ náà, nọ́ọ̀sì ṣèlérí pé òun kò ní mọ̀ọ́mọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní oògùn tó lè pa á lára, pé òun yóò pa àṣírí aláìsàn mọ́, àti pé òun yóò fi òtítọ́ inú ran dókítà lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìlérí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ náà kò sọ ohun tí nọ́ọ̀sì yóò ṣe bí ìlérí kìíní bá forí gbárí pẹ̀lú ìkẹta. Bí dókítà fúnra rẹ̀ bá ní kí ó ṣe ohun tó lè pa aláìsàn lára ńkọ́? Ọgọ́rin ọdún kọjá kí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì àgbáyé tó dá ìbéèrè yìí lóhùn tààrà. Láàárín ọgọ́rin ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ Tuskegee ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 1932, àjọ tó ń rí sí ìlera ará ìlú lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní agbègbè Macon ní ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí ìlú Tuskegee wà. Wọ́n fẹ́ mọ bí àrùn sífílíìsì ṣe ń ba ara ènìyàn jẹ́ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Ìbálòpọ̀ ni àrùn yìí sábà máa ń gbà ràn. Bí kò bá rí ìtọ́jú, ó lè fọ́ ojú, ó lè ba ọkàn àti ọpọlọ jẹ́, aboyún sì lè kó o ran ọmọ inú rẹ̀. Wọ́n kó ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 600 jọ: àwọn 399 ní àrùn náà, àwọn 201 kò ní in. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀ tó ń gbin òwú lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n sì ń bá onílẹ̀ pín ìkórè. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀wé, dókítà sì ṣọ̀wọ́n lágbègbè wọn.

Kò sí ẹni tó sọ fún àwọn tó ní àrùn náà pé sífílíìsì ló ń ṣe wọ́n. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará agbègbè náà ṣe máa ń pe oríṣiríṣi àìsàn. Wọn kò sọ fún wọn pé ìwádìí ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é. Wọ́n fún wọn ní àsípìrìn àti oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ gbígbóná lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n sì ṣèlérí owó ìsìnkú bí ìdílé bá gbà kí dókítà la òkú yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi láti inú eegun ẹ̀yìn wọn, ohun tó máa ń dunni gan-an, lẹ́tà tí wọ́n fi pè wọ́n sọ pé ìtọ́jú pàtàkì ni, àti pé ọ̀fẹ́ ni. Ìwádìí tí wọ́n rò pé oṣù díẹ̀ ni yóò gbà wá gba ogójì ọdún.

Ẹni tí àwọn ọkùnrin yìí mọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe dókítà. Àwọn dókítà ìjọba ń wá, wọ́n ń lọ. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ ni òmíràn ń dé. Nọ́ọ̀sì Eunice Rivers ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn ni. Ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1899, ó sì parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Tuskegee ní ọdún 1922. Kí ìwádìí yìí tó bẹ̀rẹ̀, ó ti bá ilé ẹ̀kọ́ alárìnká kan ṣiṣẹ́, èyí tó ń fi ọkọ̀ lọ láti abúlé dé abúlé, tó ń kọ́ àwọn ará oko ní ìmọ́tótó àti ìtọ́jú ọmọ. Nítorí náà, nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ní 1932, kì í ṣe àlejò lójú wọn.

Òun ló ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ síbi àyẹ̀wò, òun náà ló ń gbé wọn padà. Ó mọ ilé wọn, ó mọ ìyàwó àti ọmọ wọn, ó sì ń fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, òun ló ń lọ bá ìdílé láti tọrọ àyè kí wọ́n la òkú yẹ̀ wò. Ó máa ń bá wọn dé ibi ìsìnkú pẹ̀lú. Àwọn ọkùnrin náà fọkàn tán an. Bí mo ṣe rí i, òun náà fẹ́ràn wọn. Ohun tó mú kí ìtàn yìí dun ènìyàn nìyẹn, nítorí ìfọkàntán yẹn gan-an ni okùn tó so wọ́n mọ́ ìwádìí tó ń pa wọ́n lára.

Nígbà tí yóò fi di ọdún 1947, pẹnisílínì ti di oògùn tí àwọn dókítà fi ń wo sífílíìsì sàn. Ní ọdún kan náà, ní ìlú Nuremberg ní Jámánì, wọ́n dá ẹjọ́ àwọn dókítà ìjọba Hitler tó fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe ìwádìí láìbìkítà bí wọ́n yè tàbí wọ́n kú. Ìlànà mẹ́wàá ló jáde nínú ìdájọ́ náà. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé a kò gbọdọ̀ fi ènìyàn ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ ohun tó jẹ́, tó sì yọ̀ǹda ara rẹ̀. Adájọ́ ọmọ Amẹ́ríkà ló jókòó lórí ẹjọ́ náà. Síbẹ̀, nínú Amẹ́ríkà kan náà, ìwádìí Alabama ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ọkùnrin náà kàn ṣàìrí oògùn. Wọ́n dí wọn lọ́nà ni. Wọ́n fún àwọn dókítà agbègbè náà ní orúkọ wọn kí wọ́n má bàa tọ́jú wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n bá àwọn tó ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ológun sọ̀rọ̀ kí wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú àwọn tí wọn yóò fipá mú gba ìtọ́jú. Herman Shaw, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé òun ti dé ibùdó ìtọ́jú ní ìlú Birmingham kí nọ́ọ̀sì kan tó wá sọ fún òun pé kò yẹ kí òun wà níbẹ̀. Wọ́n dá a padà sílé láìgba oògùn.

Ẹ wo iye ọwọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí gbà kọjá: dókítà ìjọba, dókítà àdúgbò, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ní Tuskegee, àwọn tó ń gba ọmọ ogun, nọ́ọ̀sì kan ní Birmingham. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Kò sí ẹni tó fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Kí ló dé tí Nọ́ọ̀sì Rivers kò sọ̀rọ̀? Ó rọrùn láti bú u, kí á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá bú u tán, a kò tíì kọ́ nǹkan kan. Ìdí mẹ́ta ni mo rí.

Èkíní ni ẹ̀kọ́ tó gbà. Nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lẹ́yìn tí àṣírí tú, ó ṣàlàyé pé wọ́n kọ́ àwọn pé nọ́ọ̀sì kì í sọ àìsàn tó ń ṣe ènìyàn, kì í sì í yan oògùn. Ohun tí dókítà bá ní kí ó ṣe ni yóò ṣe. Èkejì ni pé ó rí oore díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò àwọn ọkùnrin yìí kò rí dókítà, àwọn wọ̀nyí ń rí i. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rí oògùn ara ríro, ẹnìkan sì ń béèrè àlàáfíà wọn. Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn wo ẹnu àwo tó ti sán. Ẹ̀kẹta, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi, ni pé kò sí ibi tí ì bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni, ní Alabama, lábẹ́ òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ìjọba jẹ́ òyìnbó tó kàwé jù ú lọ. Àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Tuskegee pẹ̀lú ti fọwọ́ sí i. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí nọ́ọ̀sì lè lọ bá, kò sì sí òfin tí yóò dáàbò bo ẹni tó bá béèrè ìbéèrè.

Dípò kí wọ́n bi í léèrè ohun tó rí, ìyìn ni wọ́n ń yìn ín. Ní 1953, orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú lára àwọn tó kọ àkọsílẹ̀ lórí ogún ọdún ìwádìí náà sínú ìwé ìròyìn ìlera ìjọba. Ní 1958, ìjọba fún un ní àmì ẹ̀yẹ fún iṣẹ́ takuntakun. Ní àkókò kan náà, wọ́n fún àwọn ọkùnrin náà ní ìwé ẹ̀rí ọdún 25 pẹ̀lú dọ́là 25, dọ́là kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀nà tí òun ń tọ̀ kò dára?

Àwọn kan sọ̀rọ̀ ṣá. Ní 1965, dókítà kan tó ń jẹ́ Irwin Schatz ka àkọsílẹ̀ ìwádìí náà, ó sì kọ lẹ́tà láti fi ìyàlẹ́nu rẹ̀ hàn. Kò rí èsì. Ní 1966, Peter Buxtun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àjọ ìlera yẹn gbà síṣẹ́ ní San Francisco, kọ tirẹ̀. Iṣẹ́ Buxtun ni láti máa wá àwọn tó ní àrùn ìbálòpọ̀ rí kí wọ́n lè gba ìtọ́jú. Ìlú Prague ni wọ́n ti bí i, ìdílé rẹ̀ sì sá kúrò ní Yúróòpù nítorí Hitler. Nígbà tó gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa Tuskegee, ó wá àkọsílẹ̀ rẹ̀ kà, ó kà nípa ẹjọ́ Nuremberg, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Wọ́n pe Buxtun wá sí Atlanta, wọ́n bá a wí. Ó kúrò níṣẹ́, ó lọ kọ́ nípa òfin, ó tún kọ lẹ́tà mìíràn ní 1968. Ní 1969, wọ́n pe àwọn dókítà jọ láti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn ló ta ko ìwádìí náà gbọn-ingbọn-in. Àwọn yòókù ní kó máa lọ. Kò sí ẹni tó bi àwọn ọkùnrin náà léèrè. Nígbẹ̀yìn, Buxtun kó àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn oníròyìn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1972, ìròyìn tí Jean Heller kọ fún ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press jáde, gbogbo Amẹ́ríkà sì gbọ́. Kí ọdún náà tó parí, ìwádìí náà dópin.

Ọdún mẹ́fà kọjá láàárín lẹ́tà Buxtun àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tí ìròyìn náà jáde. Ká ní ilé iṣẹ́ náà ní etí ni, kò ní nílò oníròyìn. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ní láti jáde síta kó tó lè rí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àléébù náà wà lára ilé tó ti jáde.

Lẹ́yìn ìtìjú yìí, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní 1974, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí ìgbìmọ̀ máa yẹ ìwádìí tí a bá fẹ́ fi ènìyàn ṣe wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1979, ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ìjábọ̀ Belmont gbé ìlànà mẹ́ta kalẹ̀: kí á bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, kí á ṣe rere fún un, kí á má sì fi ìyà jẹ apá kan láwùjọ kí apá kejì lè jàǹfààní. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, Ààrẹ Clinton tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọba. Mẹ́jọ péré ló ṣì wà láàyè nínú àwọn ọkùnrin náà nígbà yẹn. Herman Shaw jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ìyípadà kan tún wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Tuskegee ló fà á, ṣùgbọ́n tó bọ́ sí àkókò kan náà. Ní 1953, nígbà tí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì àgbáyé kọ́kọ́ ṣe ìwé ìlànà ìwà fún nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí nọ́ọ̀sì fi òye àti òtítọ́ inú tẹ̀lé àṣẹ dókítà. Ní 1973, wọ́n tún ìwé náà ṣe. Wọ́n wá sọ ọ́ kedere pé ẹni tí nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ fún ṣáájú ẹnikẹ́ni ni ẹni tó nílò ìtọ́jú rẹ̀. Èsì ìbéèrè ọdún 1893 nìyẹn. Láti ọdún 1992, àjọ tó ń yẹ àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà wò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà kan pàtó tí wọn yóò máa fi yanjú ọ̀rọ̀ ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ nínú ìtọ́jú aláìsàn.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Alabama. Ó kàn wá dáadáa. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer wá dán oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò níbẹ̀. Ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà: ọgọ́rùn-ún gba Trovan, ọgọ́rùn-ún gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú, 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé àrùn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Ìdílé àwọn ọmọ kan sọ pé wọn kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà pẹ́ ní ilé ẹjọ́ kí ilé iṣẹ́ náà àti ìjọba Kánò tó parí rẹ̀ ní 2009 pẹ̀lú àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ní 2007, Nàìjíríà gbé ìwé ìlànà orílẹ̀-èdè jáde fún ìwádìí ìlera, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì fi ẹsẹ̀ àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o múlẹ̀.

Ọdún 2014 yẹn kan náà ni Èkó fi ohun mìíràn hàn wá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, Patrick Sawyer, tó ń bọ̀ láti Làìbéríà, ṣubú ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ilé ìwòsàn aládàáni First Consultants ní Obalende ni wọ́n gbé e lọ. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Dókítà Ameyo Adadevoh, tí í ṣe ọmọ-ọmọ-ọmọ Herbert Macaulay, fura pé Ebola ni, ó sì ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n ń retí èsì, aláìsàn náà fẹ́ máa lọ, àwọn aṣojú ìjọba Làìbéríà sì ń fúngun mọ́ ilé ìwòsàn náà pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Dókítà Adadevoh kọ̀, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn náà sì dúró tì í. Ká ní Sawyer jáde sínú ìlú Èkó ni, ta ló mọ ibi tí àrùn náà ì bá ràn dé?

Wọ́n san owó ńlá fún ìpinnu yẹn. Dókítà Adadevoh kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Òun nìkan kọ́ ló kú nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà: dókítà mìíràn kú, nọ́ọ̀sì kan kú, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kú. Nígbà tí àjọ WHO kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola, ènìyàn 20 péré ni àrùn náà mú, 8 ló sì kú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn méjèèjì wéra. Nọ́ọ̀sì Rivers kò rí ibi sọ ọ̀rọ̀ sí. Buxtun sọ ọ́, wọ́n bá a wí. Ní Obalende, ẹnìkan sọ pé rárá, gbogbo ilé sì gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ rántí pé dókítà àgbà ni Adadevoh. Ká ní nọ́ọ̀sì kékeré kan ló kọ́kọ́ fura ní òru ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ǹjẹ́ wọn yóò gbọ́ tirẹ̀? Orí ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ ilé ìwòsàn wa kù sí.

Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń dààmú nọ́ọ̀sì kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwádìí. Aláìsàn ń kú lọ, wọ́n ní kó kọ́kọ́ san owó sílẹ̀. Ẹbí ní kí wọ́n má sọ fún bàbá pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe é, bàbá sì ń bi nọ́ọ̀sì léèrè. Ẹnìkan kọ̀ pé òun kò gba ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n oògùn tí dókítà kọ sílẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kan ló kù, aláìsàn méjì ló nílò rẹ̀. Aago méjì òru ni irú nǹkan báyìí máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọ̀gá ti lọ sùn.

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó lè ranni lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ kékeré tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dé iwájú rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù pẹ̀lú lè pè é. Èkejì, kí àwọn òṣìṣẹ́ máa jókòó pọ̀ déédéé láti sọ ohun tó ṣòro fún wọn lọ́sẹ̀ náà, kí wọ́n má dúró di ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹni tó bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí ohun kékeré, ẹnu rẹ̀ kò ní wúwo lórí ohun ńlá. Ẹ̀kẹta, kí òfin ilé ìwòsàn dáàbò bo ẹni tó bá béèrè ìbéèrè, bó tilẹ̀ wá jẹ́ pé ìfura rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní nọ́ọ̀sì kò tó, pé púpọ̀ wọn ti lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, pé àwọn tó kù kò ráyè ìpàdé. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọn kì í ti í gbọ́ tirẹ̀, yóò tètè wá ibòmíràn lọ. Àwọn mìíràn yóò ní àṣà wa kò fàyè gba kí ọmọdé máa bi àgbà léèrè. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn kan náà ló sọ pé ẹní dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ilé ìwòsàn, bí nọ́ọ̀sì bá dákẹ́, ti aláìsàn ló ń bá a dákẹ́.

Eunice Rivers kú ní ọdún 1986. Mo gbà pé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni rere tí wọ́n rán níṣẹ́ ẹrú ni, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀ tí yóò sọ fún un pé ó lè fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga báyìí ló fẹ́ di nọ́ọ̀sì, dókítà, àti olùtọ́jú oògùn lọ́la. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ máa fàyè gbà wá láti béèrè ìbéèrè láti ìsinsìnyí. Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ìwòsàn, ẹ tètè ṣètò ibi tí a ó ti máa béèrè rẹ̀ kí a tó dé.